Lẹ́tà Sí Ọmọ Mi: Má Dúró De Ìgbà Tí Yóò Wù Ọ́ Kí O Tó Lọ Rí Dókítà

Àkànní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ìyá rẹ náà sì ní kí n kí ọ. Mo yàn láti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ dípò kí n sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí pé bí mo bá ti béèrè àlàáfíà rẹ, kíá ni o máa ń dáhùn pé, "Kò sí nǹkan kan, sà," ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò sì parí sí. Lẹ́tà kò ní béèrè èsì lójú ẹsẹ̀. O lè kà á díẹ̀, kí o gbé e sílẹ̀, kí o sì padà sí i nígbà tí ara bá gbà ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún nínú rẹ̀: jẹ́ kí dókítà rí ọ, kí o sì ṣe é nísinsìnyí tí kò tíì wù ọ́ ṣe.

Mo mọ ohun tí mo fi ojú mi rí. Nígbà tí o wá sọ́dọ̀ wa kẹ́yìn, mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ láàárọ̀, mo rí i pé o jókòó sí etí ibùsùn, o ti wọ bàtà kan, èkejì sì wà lọ́wọ́ rẹ. Mo lọ wẹ̀, mo múra tán, mo tún gba ibẹ̀ padà, bàtà kejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ tí a máa ń bẹ̀ pé kí o rọra pariwo bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣàn, o jókòó ti eré náà títí ó fi parí, nígbà tí mo sì béèrè iye tí wọ́n gbá wọlé, o kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ ń gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ lóru, ó sì sọ fún mi pé oògùn ẹ̀fọ́rí ni o ń lò ṣáá. Ọmọ mi, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

N kì í ṣe dókítà, n kò sì ní jókòó sílé kí n máa sọ orúkọ àìsàn tó ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kà, mo sì ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àwọn oníṣègùn kò ka ìbànújẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì sí ìsoríkọ́. Àmì mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń wò, bí márùn-ún nínú wọn bá sì wà lára ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, tí wọ́n ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ àti ìgbé ayé rẹ̀, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ náà sí àìsàn tó yẹ ní títọ́jú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn àmì náà ni kí ọkàn máa bàjẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, tàbí kí ohun tó ń dùn mọ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ ọn mọ́. Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìyókù ni oorun tó dàrú, oúnjẹ tí kò wọlé tàbí tó pọ̀ jù, àárẹ̀ tí ìsinmi kò mú kúrò, ìṣesí tó falẹ̀ tàbí ara tí kò lè jókòó sójú kan, àìlè pọkàn pọ̀, kí ènìyàn máa rò pé òun kò wúlò tàbí kí ó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò tó nǹkan, àti ìrònú nípa ikú. O kò ní láti sọ fún mi iye tó wà lára rẹ. Fi àmì sí wọn nínú lẹ́tà yìí, kí o sì mú un dání lọ bá dókítà, yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ àròyé gígùn.

Ìdí tí mo fi ní kí o má dúró de ìgbà tí yóò wù ọ́ nìyí: àìnírètí wà lára àìsàn yìí gan-an. Bí ibà bá mú ènìyàn, oúnjẹ tó fẹ́ràn jù lọ a máa korò lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó se oúnjẹ náà kò yí ọwọ́ padà. Ẹni tí ibà ń ṣe ṣì máa ń mọ̀ pé ẹnu òun ló korò. Ẹni tí ìsoríkọ́ ń ṣe kì í sábà mọ̀, nítorí pé inú ọkàn tó yẹ kó fi mọ̀ ọ́n gan-an ni àìsàn náà bà sí. Nítorí náà, bí èrò kan bá ń sọ fún ọ pé kò sí ẹni tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́, pé àkókò dókítà ni o fẹ́ fi ṣòfò, pé àwọn tí tiwọn le ju tìrẹ lọ ló yẹ kó lọ, má wulẹ̀ bá a jiyàn, o lè má borí rẹ̀. Kí o ṣáà má fi í ṣe olùdámọ̀ràn rẹ. Jẹ́ kó máa sọ tirẹ̀ lọ bí o ṣe ń wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé ọkùnrin kì í káàárẹ̀, pé ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́, pé kí o kàn túra ká. Èmi kò tíì rí ẹni tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún tó sì tìtorí rẹ̀ yá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iye àwọn tí ìsoríkọ́ ń ṣe káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 280 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ọ̀gá iléeṣẹ́ wà níbẹ̀, eléré ìdárayá tí ara rẹ̀ le koko wà níbẹ̀, dókítà pàápàá wà níbẹ̀. Ní ti àdúrà, ìyá rẹ kò dákẹ́ rẹ̀, èmi náà kò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí o yan ọ̀kan nínú àdúrà àti ilé ìwòsàn kò ràn ọ́ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ ẹbí.

Má sì wá ẹni tí a ó dẹ́bi fún kiri, bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ. Ohun tó ń fa àìsàn yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ó máa ń rìn nínú ìdílé àwọn mìíràn. Àdánù, àìríṣẹ́ṣe, ìnira àtikékeré, àìsàn ara tó pẹ́, àti ọtí lè dá kún un. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nǹkan ń lọ dáadáa fún ènìyàn kí ó tó dé. Pé o kò lè tọ́ka sí ohun kan pàtó kò sọ ọ́ di irọ́.

Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń rí, nítorí pé ohun tí a kò mọ̀ ló ń dẹ́rù bani jù. Kò pọn dandan kí o ti ọ̀dọ̀ dókítà àìsàn ọpọlọ bẹ̀rẹ̀. Dókítà gbogbogbò lè kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bó bá sì yẹ, òun ni yóò kọ ìwé tí wọn yóò fi gbà ọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ jù ú lọ. Ó lè fún ọ ní ìwé pélébé kan tó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, tí gbogbo rẹ̀ kò ju 27 lọ. Iye tí o bá gbà níbẹ̀ ń fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó hàn wọ́n, wọ́n á sì tún fi wò ó nígbà tó bá yá bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Ó lè ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí kí ẹṣẹ́ tairọ́ìdì tó wà ní ọrùn má ṣiṣẹ́ tó a máa fa àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì tó jọ èyí gan-an. Wọ́n á béèrè bóyá ìgbà kan wà rí tí ara rẹ ń yá gágá jù, tí o kò sùn tó, síbẹ̀ tí kò rẹ̀ ọ́. Dáhùn rẹ̀ dáadáa, torí ó lè yí irú oògùn tí wọn yóò fún ọ padà. Wọ́n á béèrè nípa ọtí. Sọ òtítọ́ níbẹ̀. Àgbàlagbà ni ọ́, ohun tí o bá sì bá wọn sọ kò ní dé etí èmi tàbí ìyá rẹ láìjẹ́ pé o fẹ́ bẹ́ẹ̀, àyàfi bí ẹ̀mí rẹ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu.

Oríṣi ìtọ́jú méjì ló wọ́pọ̀, wọ́n sì lè lo méjèèjì pa pọ̀. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, tí ìwọ àti onímọ̀ kan yóò máa jókòó ní nǹkan bíi wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí wọ́n ti dán wò jù lọ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Aaron Beck, láàárín ọdún 1960 sí 1969. Wọn kì í kàn fi ọ̀rọ̀ ìtùnú dá ọ dúró níbẹ̀. Wọ́n á ní kí o kọ èrò tó wá sí ọ lọ́kàn sílẹ̀, kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òtítọ́ ni, wọ́n á sì fún ọ ní iṣẹ́ kéékèèké láti ṣe kí ẹ tó tún ríra. Bí ọ̀rọ̀ ìwọ àti ẹni àkọ́kọ́ kò bá wọ̀, béèrè fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe àrífín, àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Èkejì ni oògùn, orí èyí ni mo sì fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé mo mọ̀ pé ó ń kọ ọ́ lóminú. Oògùn ìsoríkọ́ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan bíi ti ẹ̀fọ́rí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ènìyàn tó mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó, ó sì ṣeni láàánú pé inú rírìndọ̀, orí fífọ́ tàbí oorun tó dàrú lè kọ́kọ́ yọjú ṣáájú ìtura. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da á nù ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe irú oògùn tí ọkàn máa ń fà sí bíi sìgá tàbí ọtí, ṣùgbọ́n a kì í dá a dúró lójijì, torí ara lè gbọ̀n rìrì, kí òòyì sì máa kọ́ni. Dókítà ni yóò sọ bí a ó ṣe máa dín in kù. Bí ara bá sì ti yá, wọn yóò ṣì ní kí o lò ó fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí àìsàn náà má baà padà. Ohun kan tún wà tí n kò ní fi pamọ́ fún ọ: àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára oògùn wọ̀nyí, ní 2004 nítorí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, ní 2007 nítorí àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 24, pé èrò láti pa ara ẹni lè pọ̀ sí i fún àwọn kan ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwọ náà kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ìkìlọ̀ náà kò ní kí o má lò ó. Ohun tó ń sọ ni pé kí dókítà máa rí ọ léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan nílé sì mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n jẹ́ ẹni náà.

Èyí mú mi dé ibi tó wúwo jù. Ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn rí pé kí o pa ara rẹ? Mo béèrè rẹ̀ ní tààrà nítorí pé àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sọ pé ìbéèrè náà kì í gbin èrò ọ̀hún sí ẹni tí kò ní in lọ́kàn, ṣe ló ń fún ẹni tó ní in láyè láti sọ ọ́. Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní pariwo, n kò ní bú ọ, n kò sì ní pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Àìsàn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí èrò náà bá ti di ètò, tí o ti ń ro ọ̀nà tí o máa gbà tàbí ọjọ́ tí o máa ṣe é, má ṣe dá wà. Kó ohun tí o fẹ́ fi ṣe é lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, pè mí ní àkókò yòówù kó jẹ́, kí o sì lọ tààrà sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọ jù. Má ronú pé o ń yọ mí lẹ́nu. Fóònù mi kò ní sí ní pípa láti òní lọ, ó sì máa wà ní ẹ̀gbẹ́ orí mi.

N kò ní kí inú rẹ dùn o. N kò sì ní kí o ṣèlérí pé ara rẹ yóò yá ní ọjọ́ báyìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tọ́jú ni ara wọn ń yá, àmọ́ ó lè falẹ̀, ìtọ́jú àkọ́kọ́ sì lè má jẹ́ èyí tó máa bá ara rẹ mu. Ìrìn díẹ̀ níta nínú oòrùn àárọ̀ dára, kí o jí ní aago kan náà lójoojúmọ́ dára, kí o sì fi ọtí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ dára púpọ̀. Bí o kò bá rí èyíkéyìí ṣe nínú wọn, ṣáà lọ rí dókítà ná.

Mo mọ̀ pé títẹ fóònù láti bá àjèjì sọ̀rọ̀ lè le fún ọ lásìkò yìí, nítorí náà jẹ́ kí n bá ọ ṣe ìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti bọ́wọ́ iṣẹ́ sílẹ̀ fún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fi ọ̀kan nínú méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, orúkọ ọjọ́ náà nìkan, kò sí àlàyé. Èmi yóò bá ilé ìwòsàn gba àkókò, èmi yóò wá gbé ọ, bí o bá sì fẹ́ kí n jókòó síta nígbà tí ìwọ àti dókítà bá ń sọ̀rọ̀, ìta ni n óò jókòó sí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.