Ọmọ ọ̀pẹ tí ẹ hú lábẹ́ ìyá rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ bá wa fi èyí tó àwọn àgbẹ̀ létí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ọ̀pọ̀ ló ń hú ọmọ ọ̀pẹ tó là lábẹ́ ìyá rẹ̀ lọ gbìn sóko, pàápàá bí ìyá náà bá jẹ́ Tenera, irú ọ̀pẹ tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Tenera kì í bí Tenera nìkan. Bí ìyá àti bàbá bá jẹ́ Tenera, nínú ọmọ 4, 1 á jẹ́ Dura aléèpo-nípọn, 2 á jẹ́ Tenera, 1 tó kù á jẹ́ Pisifera, tí ìdì rẹ̀ sábà máa ń rà dànù kó tó pọ́n. Ẹ ò lè fojú dá wọn mọ̀ ní kékeré. Ó di bí ọdún 3 sí 4, tí ẹ ti rolẹ̀ títí, kí àṣírí tó tú. Ìdí nìyí tí NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba àpapọ̀ nítòsí ìlú Benin, fi ń fọ́n ìyẹ̀fun òdòdó Pisifera sí ti Dura: Tenera ni gbogbo ọmọ wọn. Irú ẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Àwọn kan ní èkùrọ́ kì í hù. Ooru ló ń wá. Àwọn olùtọ́jú irúgbìn á bó ara ẹyìn kúrò, wọ́n á rẹ ẹ́ fún ọjọ́ 7, wọ́n á máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Wọ́n á sá a sí ibòji, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á fi í sínú yàrá tó gbóná tó 39 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún bí ọjọ́ 80. Bí omi bá pọ̀ lára rẹ̀ níbẹ̀, á bu. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún rẹ ẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ẹ̀hù á yọ. Ojú 3 ni èkùrọ́ sábà máa ń ní (ti babaláwo ni olójú 4), ṣùgbọ́n ẹyọ ojú kan lẹ̀hù sábà máa ń gbà jáde.

Ẹ wo ẹ̀hù yẹn dáadáa. Èyí tó funfun tó ṣe ṣóńṣó ni ewé, èyí tó kúǹdù tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni gbòǹgbò. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ọ̀pẹ rẹ̀ á lọ́ mọ́ra kó tó rí òkè. Ínṣì 1 ti tó nínú ilẹ̀dú. Oṣù 3 sí 4 nínú ọ̀rá kékeré, lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Lẹ́yìn náà ọ̀rá ńlá, títí á fi pé nǹkan bí ọdún kan. Kí ẹ tó kó o sínú ọ̀rá ńlá, ẹ máa ṣí imọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn má baà jó o.

Lóko, ẹ fi mítà 9 síra wọn bí ààrò mẹ́ta, 143 ló máa gba hẹ́kítà kan. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí ìdí kọ̀ọ̀kan ká lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn ín gan-an. Ìdí màrìwò ni ọ̀yà máa ń jẹ, ibẹ̀ nìkan sì ni ọ̀pẹ ti ń dàgbà.

Olùtọ́jú irúgbìn ọ̀pẹ,
Ìkirè