Lẹ́tà sí bàbá alájá tí a pàdé ní Aberlemno

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ka lẹ́tà yìí. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀yin náà sì sọ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́. Mi ò mọ orúkọ yín, mi ò mọ ilé yín. Ajá yín nìkan ni mo lè júwe: ó dúdú, etí rẹ̀ kan nàró, èkejì ṣubú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ti lu jára. Ó lè jẹ́ pé ọmọ Yorùbá kan wà ní Forfar tàbí Brechin tó ń tọ́jú ẹnì kan ní àdúgbò yín, tí yóò kà á, tí yóò ní, "Háà, mo mọ bàbá yìí." Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó bá wa kí yín. Àwọn ará Nàìjíríà mẹ́rin tí ẹ bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú òtútù oṣù kọkànlá ní kí wọ́n kí yín.

Ọdún kejì wa ní Scotland nìyẹn. Iṣẹ́ kíà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú ènìyàn, ni mò ń ṣe, lóru. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù. Nínú gbogbo agbègbè Angus tí à ń gbé, ibi tí a mọ̀ kò ju ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lọ, àfi tí a bá sáré dé Dundee lọ ra iṣu. Àwọn ìbejì ló ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ya òkúta kan sínú ìwé, ejò lọ́ mọ́ ọn lára. Wọ́n ní tíṣà àwọn sọ pé ó wà nítòsí, pé gbogbo ènìyàn ló ti lọ wò ó. Ojú tí wọ́n fi wò wá, àfi bíi pé àwa la gbé e pamọ́.

Bí a ṣe gba ọ̀nà Forfar sí Brechin nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. A dé Aberlemno, a páàkì. Ibi tó yẹ kí òkúta wà, àpótí pákó gíga tóóró ló dúró síbẹ̀, wọ́n kàn án pa látòkè délẹ̀. Ọkọ mi ò bọ́ sílẹ̀. Ó di sítíárìn mú, ó ní, "Ìyá Ìbejì, pósí nìyẹn o. Pósí ni wọ́n gbé nàró yẹn." Mo ní kò lè jẹ́ pósí. Ó ní kí ló wá jẹ́? Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Níbi tí wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì, ohun tí onílé bá bò, àlejò kì í ṣí i wò. A jókòó sínú ọkọ̀, à ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé bí ẹni tó wá jalè. Kẹ́hìndé ń sunkún ejò rẹ̀ lẹ́yìn, Táyé ń sunkún nítorí pé Kẹ́hìndé ń sunkún.

Ìgbà yẹn lẹ yọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ láti kí yín, eékún mi sì tẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń tẹ̀ tí mo bá rí àgbà. Lójú ẹsẹ̀ lẹ wo ilẹ̀. Ẹ bi mí pé kí ló já bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó dáhùn, ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ń fọwọ́ tú koríko, ajá yín náà ń fimú bá yín wá a. Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo kàn ní ẹ má ṣèyọnu, mo ti rí i.

Ẹ wá ṣàlàyé àpótí fún wa. Ẹ ní òjò máa ń wọnú ojú yíya òkúta, tí òtútù bá sì mú, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, á wú, á máa ya òkúta náà sí i. Òkúta tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kò lè máa jẹ ìyà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bò wọ́n láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí oṣù kẹrin fi máa dé. "Wọ́n ti lọ sùn," ẹ sọ fún Kẹ́hìndé, ó sì dákẹ́, nítorí oorun yé e.

Ẹ bi wá níbi tí a ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ẹ ní, "Mary Slessor!" Ó tó ẹni kẹrin tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti wá mọ ìtàn rẹ̀ báyìí: obìnrin tí wọ́n tọ́ ní Dundee, tó ti kékeré ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ, tó lọ sí Calabar ní 1876, tó ń gba àwọn ìbejì tí wọ́n fẹ́ pa sílẹ̀, tó sì kú ní agbègbè yẹn ní 1915. Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ sọ pé Ìbàdàn jìnnà sí Calabar, pé lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń gbé ìbejì jó kiri ọjà ni, pé ẹ̀wà ni à ń sè fún wọn. Ṣùgbọ́n otútù ti gba ètè mi. Mo kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo ní, "Ìbejì." Ẹ wo ọ̀kan, ẹ wo èkejì, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ajá yín gbó. Ọkọ mi gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè.

Nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ ní, "Ẹ padà wá ní oṣù kẹrin."

Ẹ̀yin lè má rántí pé ẹ sọ ọ́. Bàbá, láti ìgbà tí a ti dé ìlú yín, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá ni ìgbà tí a máa padà lọ. Wọ́n ń bi wá ní ibi iṣẹ́, ní sítọ́ọ̀pù bọ́ọ̀sì. Ẹlòmíràn kò ní èrò ibi lọ́kàn, ó kàn fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo físà, ọ̀rọ̀ "padà lọ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ gba etí kan. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó lo "padà" fún wa tó fi "wá" sí i lẹ́yìn. Mo fi àmì sí oṣù kẹrin nínú kàlẹ́ńdà ilé ìdáná. Nígbà tí máníjà kan ní kí n wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ní mo ní àdéhùn. Ó bi mí pé pẹ̀lú ta ni. Mo ní pẹ̀lú òkúta.

A padà wá. Wọ́n ti ṣí wọn. Ejò ló kọ́kọ́ kí wa lójú títì, ó lọ́ bíríbírí, àwọn àmì kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́ láyé, nítorí àwọn Picts, ẹ̀yà àtijọ́ tó gbé ibẹ̀ rí, tó gbẹ́ ẹ kò fi ìwé kankan sílẹ̀ tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, dígí àti kóòmù wà. Kóòmù gidi, tó ní eyín. Táyé fọwọ́ kan orí ara rẹ̀ tí mo dì ní ṣùkú lánàá ọjọ́ náà, ó ní, "Màmá, wọ́n máa ń dirun!"

Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló mú èmi. Ó ga ju ọkọ mi lọ. Àgbélébùú wà ní iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ogun láti òkè délẹ̀. Àwọn tó wọ akoro lórí ẹṣin ń bá àwọn tí kò dé nǹkan kan sórí jà. Láàárín, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tò tẹ̀ lé ara wọn. Ti iwájú mú apata àti idà. Ti ẹ̀yìn rẹ̀ na ọ̀kọ̀ gígùn kọjá èjìká rẹ̀, kí ẹṣin má bàa tẹ ẹ́ pa. Mo dúró ti àwọn méjì yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí ènìyàn ní ẹnì kan lẹ́yìn. Ní igun ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn alákoro ti ṣubú, ẹyẹ ń ṣá a lọ́rùn. Ọkọ mi ní, "Igún ti dé." Àwọn kan ní ogun ọdún 685 ni, nígbà tí àwọn Picts pa Ecgfrith ọba Northumbria, wọ́n sì ní Dunnichen tí kò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n ti jà á. Àwọn mìíràn ní rárá, àríwá lọ́hùn-ún ni. Kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹyẹ yẹn kò kúrò lọ́rùn ọkùnrin náà láti ọjọ́ yìí wá.

A wo ọ̀nà títí, a ò rí yín. Bí ẹsẹ̀ wa ṣe yá sí ìrìn kiri nìyẹn.

A lọ sí Arbroath. Ilé àwọn mọ́ńkì tí Ọba William kọ́ ní 1178 ló gba ọkàn ọkọ mi, ó ti wó tán, ṣùgbọ́n fèrèsé rìbìtì kan ṣì wà lókè ògiri tí wọ́n ní iná rẹ̀ máa ń júwe ọ̀nà fún àwọn awakọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé lẹ́tà kan ti ibẹ̀ jáde ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, ọdún 1320, tí àwọn ìjòyè Scotland kọ sí Póòpù John Kejìlélógún. Wọ́n ní tó bá ku ọgọ́rùn-ún péré nínú àwọn, àwọn ò ní gbà kí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé àwọn lórí. Wọ́n ní kódà Robert ọba àwọn, tó bá fi ìlú lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, àwọn á lé e, àwọn á fi ẹlòmíràn jọba. Ọkọ mi ní, "Ọ̀yọ́ Mèsì ni àwọn wọ̀nyí. Igbá ni wọn ì bá ṣí fún un." Láti ọjọ́ náà ló ti ń bọ̀wọ̀ fún ìlú yín. Nígbà tó tún gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jí òkúta ìwúyè àwọn ọba Scotland gbé ní Westminster lọ́jọ́ Kérésìmesì 1950, tí wọ́n sì wá gbé e sílẹ̀ ní Arbroath yìí ní oṣù kẹrin 1951, ó jókòó sórí koríko, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Èmi, ẹja ni mo bá lọ. Wọ́n ń fi iyọ̀ pa haddock, wọ́n ń fi okùn so ìrù wọn pọ̀ ní méjì-méjì, wọ́n ń gbé wọn kọ́ sórí igi lókè iná, àpò tútù á wà lẹ́nu àgbá kí èéfín má jáde. Táyé ní ìbejì ni wọ́n. Láti 2004 ni òfin ti sọ pé ẹja tí wọn ò bá yan ní Arbroath tàbí láàárín máìlì márùn-ún sí i kò gbọ́dọ̀ jẹ́ Arbroath smokie. Ìyá tó tà á fún mi ní kí n fi bọ́tà sí i. Ẹ dárí jì mí, Bàbá, ẹ̀fọ́ rírò ni mo fi sè, pẹ̀lú irú àti ata rodo. Àwọn aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Wọn ò wá jà, wọ́n wá béèrè ohun tó ń ta sánsán ni.

Lórí òkè White Caterthun ni ọkọ mi ti fẹ́ dá wa padà. Ibùdó ogun àtijọ́ ni, òkúta odi rẹ̀ tó wó yí orí òkè ká bí ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹnu ọ̀nà la wà tó ti ń wò yí ká, ó ní ta ló ni ilẹ̀ yìí, kí ọmọ onílẹ̀ má lọ ká wa mọ́ o. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìkòròdú kì í fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ onílẹ̀. Mo ṣí fóònù, mo ka òfin ọdún 2003 fún un, pé ní Scotland, ẹnikẹ́ni lè rìn lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, tí kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó gun òkè náà, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń gùn ún ló ń wẹ̀yìn.

Corrie Fee, àfonífojì kan láàárín òkè ní Glen Doll, òjò ló lé wa padà níbẹ̀. A máa tún lọ.

Oṣù kẹsàn-án ti ń parí lọ báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a máa wá kí àwọn òkúta náà kí wọ́n tó lọ sùn. Aago mẹ́ta ọ̀sán la máa wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní kí n kọ ọ́ pé òun á bọ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, pé òun ti ra bísíkíìtì ajá. Mo bá yín di smokie méjì dání, bọ́tà lọ́tọ̀.

Èmi ni,
Obìnrin tí nǹkan kan kò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.