Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí Git

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Òtútù Manchester ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí. Mo rí àwòrán fódà oríkì ìdílé yín tí o fi ránṣẹ́. Orúkọ àwọn fáìlì náà, "Ìkẹyìn", "ìkẹyìn-gan-an", "ìkẹyìn-tòótọ́": ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tó o bá ṣe sí fáìlì, ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí. Linus Torvalds tó dá Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sílẹ̀ ló kọ ọ́ lóṣù kẹrin ọdún 2005, torí iṣẹ́ Linux náà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì .txt lè lò ó.

Lọ sí git-scm.com, kí o gba ti Windows. Bó o ṣe ń fi sórí kọ̀ǹpútà, yóò bi ọ́ pé editor (ètò ìkọ̀wé) wo lo fẹ́. Mú Notepad, má fi í sílẹ̀ sórí Vim, torí ọ̀pọ̀ ló ti há sínú Vim tí wọn ò mọ ọ̀nà àbájáde. (Bó bá ká ọ mọ́ ibẹ̀, tẹ Esc, kọ :q! kí o sì tẹ Enter.) Lẹ́yìn náà ṣí Git Bash, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Git. Ctrl+V kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Shift àti Insert ni kí o fi lẹ ọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ ẹni tó o jẹ́:

git config --global user.name "Àdùkẹ́"
git config --global user.email "ímeèlì rẹ"
git config --global core.quotepath false

Àwọn tó ń kọ́ni kì í sábà dárúkọ ìlà kẹta yẹn, àwa tá à ń fi àmì ohùn sórí orúkọ fáìlì la nílò rẹ̀. Láìsí i, oríkì.txt yóò di "or\303\255k\303\254.txt" lójú rẹ, o ó sì rò pé fáìlì ti bàjẹ́.

Fi àṣẹ cd wọ fódà oríkì náà, kọ git init kí Git lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Fódà kan tó fara pa mọ́, .git, yóò wà níbẹ̀. Má pa á rẹ́ láé, inú rẹ̀ ni gbogbo ìtàn iṣẹ́ rẹ wà. Ó wá ku:

git status
git add oríkì.txt
git commit -m "Mo fi oríkì ìyá àgbà kún un"

Status ń sọ ohun tó ti yí padà fún ọ. Add àti commit ló máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú. Rò ó bíi ti onífọ́tò níbi ìnáwó: add ni pípe àwọn tó máa wọ fọ́tò síwájú, commit ni yíyà á. Ẹni tí o kò pè kò ní sí níbẹ̀. Àlàyé inú -m, kọ ọ́ lédè Yorùbá, kó sì ní láárí. "Àtúnṣe" lásán kò ní sọ nǹkan kan fún ọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Git diff ló ń fi ìlà tó yí padà hàn, kó o tó add. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kó o fi .txt kọ ọ́ dípò Word: Git lè tọ́jú .docx, àmọ́ kì í fi ìlà inú rẹ̀ wéra dáadáa bíi ti .txt. Git restore oríkì.txt ń dá fáìlì padà sí bó ṣe wà nígbà tó o add rẹ̀ gbẹ̀yìn, tàbí nígbà commit tó gbẹ̀yìn bí o kò bá tíì add nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n rora o! Ohun tó o kọ lẹ́yìn ìgbà náà tí o kò tíì add, ó lọ nìyẹn.

Gbogbo èyí kò bá íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, nítorí náà má ì sáré lọ sí GitHub. Ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni GitHub, Git gan-an ni iṣẹ́. A ó dé ọ̀hún ṣá, torí bí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà rẹ, .git bá a lọ. Fídíò àtijọ́ tó bá ní kó o fi password GitHub rẹ ṣe git push (àṣẹ tó ń gbé iṣẹ́ rẹ lọ sí GitHub), má dá a lóhùn. Wọn ò gba ìyẹn mọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2021.

Bó o bá ti ṣe commit bíi mélòó kan, kọ git log --oneline tó ń to àwọn commit rẹ lẹ́sẹẹsẹ, kó o fi ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àlàbí