Ẹ Jẹ́ Ká La Ojú Àgbàrá Kí Òjò Tó Padà Dé: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Àdúgbò Wa

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ bíbí àdúgbò wa tó fẹ̀gbẹ́ ti ọgbà St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, Ìbàdàn, Àbújá àti òkè òkun, a kí yín o. Ẹgbẹ́ ló ní kí èmi akọ̀wé kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ owó gọ́tà tí a fẹ́ mọ ló wà níbẹ̀, n kò sì ní fi ìkíni gígùn bò ó.

Ilé mẹ́ta ló wó láàárín òjò ọdún yìí. Kò sí èyí tí ìjì wó nínú wọn, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ti wó. Ẹni tó bá gbé ilé alámọ̀ rí mọ̀ pé òjò tó ń rọ̀ sórí páànù kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Omi tó bá dúró sídìí ògiri ni. Amọ̀ á máa fà á mu díẹ̀díẹ̀, ìdí ògiri á rọ̀, á máa ṣí wẹ́wẹ́, títí ẹrù òkè á fi wúwo ju ohun tí ìsàlẹ̀ lè gbé lọ. Sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ẹ níta kò gbà á. Ńṣe ló ń sé ọ̀rinrin mọ́nú, tí a kò fi tètè mọ̀ pé ògiri ti jẹrà.

Nígbà tí a wà ní kékeré, àgbàlá wà láàárín ilé sí ilé, ilẹ̀ ń mu omi. Láti 2005 tí ìjọba ti fún Yunifásítì Ajayi Crowther, tó wà nínú ọgbà St. Andrew's, níwèé àṣẹ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá yàrá kiri, ọ̀pọ̀ àgbàlá ti di ilé tí a ń gbà wọ́n sí, kọnkéré sì bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Òjò tí ilẹ̀ kò rí mu mọ́ ń gba ojú ọ̀nà. Ilé àwọn ìyá àgbà tó wà nísàlẹ̀ ló ń já sí.

N kò bá yunifásítì jà o. Àdúgbò wa àti ilé-ẹ̀kọ́ ti jọ ń bọ̀ tipẹ́. Abẹ́òkúta ni àwọn CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, ti kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó di St. Andrew's sílẹ̀ ní 1853. Ifọ́lé 1867, rògbòdìyàn tí wọ́n fi lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta, ló lé wọn lọ sí Èkó, kí wọ́n tó gbé e wá sí Ọ̀yọ́ ní 1896, lásìkò Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ibẹ̀ ni Michael Adékúnlé Ajásin, tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí ìyá bàbá mi ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà náà ló fi rán bàbá mi níléèwé. Títí dòní, owó yàrá tí àwọn ọmọ yunifásítì ń san ni ọ̀pọ̀ opó wa fi ń jẹun.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí: ilé tó bá wó, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Ẹbí kò lówó tí wọ́n máa fi tún un mọ, wọ́n á tà. Wọ́n ti ń ná méjì nínú mẹ́ta yẹn. Ojú oórì bàbá wọn wà nínú ọ̀kan, nínú yàrá tó kọjú sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá da kọnkéré sórí rẹ̀, ibo ni àwọn ọmọ máa dúró sí láti kí i?

Ìdí nìyí tí a fi gbé gbọ̀ngàn tí a ti ń sọ láti ọjọ́ yìí tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gọ́tà ló kàn. A fẹ́ fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n láti oríta òkè títí dé odò, ká fi afárá kékeré sí ibi méjì tó ti dábùú ọ̀nà. Owó tí bíríkìlà dá lé e lẹ́yìn tí ó wọ̀n ọ́n jẹ́ ₦6,200,000. ₦1,450,000 ló wà lọ́wọ́ wa. Àwọn onílé akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti ṣèlérí tìpà iyanrìn kọ̀ọ̀kan, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á san ₦20,000, ẹni tó wà lókè òkun á san ₦100,000. Ọmọléèwé, ọmọ iṣẹ́ àti àgbàlagbà, ohun tí agbára wọn bá ká. Ẹ má fi owó rán ẹnikẹ́ni. Akápò nìkan ni kẹ́ ẹ san án fún, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó tíránsífọ́mà ọjọ́sí ṣì ń dun ọ̀pọ̀ yín. Ó dun èmi náà. Nítorí náà, ní gbogbo ìpàdé oṣù la ó máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí gbogbo ilé, a ó sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp fún àwọn tó wà lájò.

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Tí òjò bá tún dé bá wa kí a tó mọ gọ́tà yìí, ilé márùn-ún mìíràn ló wà tí mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí lónìí.

Ẹ̀bẹ̀ kan kù, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó. Bíríkìlà ń béèrè ibi tí àgbàrá ń gbà kí wọ́n tó la ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rántí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa rìn ín láàárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, aago méje, láti oríta òkè. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ ránṣẹ́, a ó wá fi ọkọ̀ gbé yín.