Kí àwọn yunifásítì tó ra ẹ̀rọ amúlétutù mìíràn

Sí Olóòtú,

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, tí owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún ó kéré tán lójúmọ́ fún, fò sókè dé ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan nígbà náà, igbe owó iná kò kúrò lẹ́nu àwọn aláṣẹ yunifásítì. Ohun tí wọn kì í fẹ́ sọ ni pé àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ wà lára ohun tó ń mú kí owó iná náà pọ̀.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo fi ń jẹun, Yaba níhìn-ín ni mo sì ń gbé. Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan, gíláàsì ni gbogbo ògiri rẹ̀ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn á dé orí tábìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á fa kọ́tìnnì dí i, wọ́n á wá tan gílóòbù lójú ọ̀sán. Fèrèsé alumíníọ̀mù ibẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì péré ló ń ṣí. Bí iná bá lọ, kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ lóde.

Àwọn tó kọ́lé ṣáájú wa mọ ohun tó yẹ. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, wọn kò jẹ́ kí ilé fẹ̀ jù, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó gba èkejì jáde, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù oníhò dènà oòrùn. Ní Èkó, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń wọ fèrèsé. Òrùlé ló ń gba ti ọ̀sán gangan. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí kọnkéré sì yọ jáde lókè fèrèsé bí etí fìlà abetí-ajá. Owó díẹ̀ ni kọnkéré yẹn. Yíyí ilé sí ibi tó yẹ lórí ìwé, ọ̀fẹ́ ni.

N kò sọ pé ká má lo amúlétutù. Ọ̀rinrin Èkó lè ba ìwé jẹ́ ní ilé ìkàwé, yàrá kọ̀ǹpútà náà sì nílò òtútù. Ẹ̀fọn àti ariwo jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú máa ń mú kí èèyàn ti fèrèsé (nẹ́ẹ̀tì yóò yanjú ti ẹ̀fọn, ti jẹnẹrétọ̀, ẹjọ́ mìíràn ni). Sólà náà dára: Yunifásítì Bayero ní Kano ti ní tirẹ̀ láti 2019. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra sólà fún ilé tí oòrùn ń wọ̀ gbàgà yóò ra ju èyí tó yẹ kó rà lọ.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde ní 2017 lórí bí ilé yóò ṣe máa dín iná kù. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí TETFund, tó ń náwó sí ọ̀pọ̀ ilé nínú ọgbà àwọn yunifásítì ìjọba, má ṣe sanwó fún àwòrán kankan tí kò fi ọ̀nà oòrùn àti ọ̀nà atẹ́gùn hàn. Kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì béèrè iye iná tí ilé yóò máa jẹ lọ́dún kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, bí wọ́n ṣe ń béèrè iye owó sìmẹ́ńtì.

Èmi ni tiyín,
Ayàwòrán-ilé kan,
Yaba, Èkó.