Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dàgbà jù yín lọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo pé ẹni 40 ọdún lánàá. Ẹ̀yin ò kọjá 39, èmi àbúrò ni mo wá di ẹ̀gbọ́n báyìí. Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?

Ẹ sáà mọ ohun tí 40 jẹ́ nínú iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì ní Amẹ́ríkà níbí: àyẹ̀wò ara tí à ń ṣe lọ́dọọdún di oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo ṣí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò náà lórí kọ̀ǹpútà, ni ọ̀rọ̀ March 2015 bá sọ sí mi lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ tí páílọ́ọ̀tì ọmọ Jámánì yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fi bàálù Germanwings kọlu òkè ní Faransé, tí èèyàn 150 kú. A jókòó sínú mọ́tò yín ní Houston, èmi ni mò ń pariwo: "Wèrè ni! Ta ló fún wèrè ní láísẹ́ǹsì?" Ẹ dákẹ́ títí. Ẹ wá ní, "Wọ́n bá ìwé dókítà nílé rẹ̀ pé kó má lọ síṣẹ́. Ó ti fà á ya. Kí ló dé tó fi fà á ya?"

Ẹ yọ bébà kékeré kan lápò, nọ́ńbà ẹni tó máa ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ ní ṣé kí ẹ pè é. Mo ní, "Ẹ má dán an wò o. Wọ́n á bi yín lórí fọ́ọ̀mù." Ẹ ní, "Ó dáa." Ẹ ká a lákàtúnká, ẹ dá a padà sápò, ẹ wá bi mí bóyá ebi ń pa mí.

"Ó dáa" yẹn! Ṣé ó dáa pé ẹ ò ní pè é ni, àbí ó dáa pé ẹ ti wá mọ irú àbúrò tí ẹ ní?

Nígbà tí ẹ lọ, ẹbí ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa.

Ṣùgbọ́n inú yín ń bí mi. Kò sóhun tí mo sọ rí tí ẹ ò yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan lẹ gba tèmi? Ẹ mọ̀ pé láti 2010 ni FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ti fàyè gba páílọ́ọ̀tì láti lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, èèyàn á kọ́kọ́ jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó ilé ò sì mọ aláìsàn.

Aago mẹ́ta òru ni mò ń jí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Tí mo bá wà lókè, ó ń lọ. Tí mo bá délé, ó tún dé. Ìyàwó mi ní kí n lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ó dáa."

Fọ́ọ̀mù ṣì wà ní ṣíṣí. Ìbéèrè 18: ǹjẹ́ ó ti ṣe ọ́ rí láyé rẹ? Orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ mi dúró díẹ̀ níbẹ̀. Mo ti dé ìlà ti ọpọlọ. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ padà pe nọ́ńbà yẹn?