Ohun Tí Òdòdó Ọgbà Fi Ń Kọ́ni: Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ará ilé. Ṣé ara le? Ṣé ọkàn ti ń balẹ̀ díẹ̀ díẹ̀? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á ní àkàtúnkà. O ní o fẹ́ gbin òdòdó síwájú ilé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí. O ní o máa ń gbọ́ pé òdòdó ń kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò yé ọ bí ohun tí kò lẹ́nu ṣe ń kọ́ni. Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé ẹni tó kàn ń jókòó wò ó kò ní rí púpọ̀ kọ́. Inú iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà: inú omi tí o bù àti èyí tí o kò bù, inú ẹ̀ka tí o gé, inú iná tí o pa lóru. Nítorí náà iṣẹ́ ni màá bá ọ sọ.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ òdòdó inú ìkòkò ti ń kú. Wàá jí lọ́jọ́ kan, wàá rí i pé ó ti sorí kọ́, ewé rẹ̀ ti rọ. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn ni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Má tíì gbé omi. Ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, òùngbẹ ni lóòótọ́. Bu omi sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi máa jò nínú ihò ìsàlẹ̀ ìkòkò, ewé yẹn á tún nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá tutù tí ewé sì rọ, omi ló ti pọ̀ jù. Gbòǹgbò náà ń mí, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ ló sì ń mí. Nígbà tí omi bá dí gbogbo àlàfo yẹn, gbòǹgbò á jẹrà, èyí tó bá sì ti jẹrà kò lè fa omi mọ́. Òdòdó náà á máa kú ikú òùngbẹ nínú omi. Ẹni tó bá tún wá bu omi lé e, ó ti bá a parí rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó yẹ ni kí o yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò, kí o gé gbòǹgbò tó ti dúdú tó sì rọ̀ dànù, kí o fi èyí tó funfun tó sì le sílẹ̀, kí o tún un gbìn sínú iyẹ̀pẹ̀ mìíràn tí omi kì í dá ró sí. Má bu omi sí i mọ́ títí òkè ilẹ̀ náà á fi gbẹ.

Àmì kan ṣoṣo, ìdí méjì tó ta kora. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ tó ju èyí lọ nínú ọgbà. Bí ẹni tí a fẹ́ràn bá ń rẹ̀wẹ̀sì, ara wa máa ń yá láti da ọ̀rọ̀ lé e lórí: ìmọ̀ràn lónìí, ìbẹ̀wò lọ́la, ìpè tẹlifóònù láàárọ̀ àti lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé àyè ló ń wá. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń pòùngbẹ fún. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Àfi ká kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilẹ̀.

Ó kan gígé. Mo mọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ máa ń wúwo láti gé ohun tó wà láàyè, nítorí náà róòsì ni kí o fi kọ́ ọ. Ìgbà tó dára ni ìgbà tí ojú tuntun, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń rú jáde, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú lára ẹ̀ka. Níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, ìparí ìgbà òtútù nìyẹn. Fi sípírítì nu ẹnu àlùmọ́gàjí ọgbà rẹ, kí o sì tún un nù bí o bá ti kúrò lára igi kan kí o tó kan òmíràn, torí pé àrùn ń bá irin rìn. Ẹ̀ka tó ti kú ló máa kọ́kọ́ lọ. Wàá mọ̀ ọ́n nítorí pé bí o bá gé e, inú rẹ̀ á ti gbẹ, á ti pọ́n bí ilẹ̀. Èyí tó ń ṣàìsàn ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, wo àwọn tó dábùú ara wọn tí wọ́n ń ha ara wọn, kí o mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò, nítorí ojú egbò tí wọ́n ń dá síra wọn lára ni àrùn ń gbà wọlé.

Nínú àwọn tó kù, wá ojú tó kọjú síta. Gé ẹ̀ka náà ní nǹkan bíi mìlímítà 5 sí 6 lókè ojú yẹn, kí o sì gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí omi òjò lè ṣàn sí ẹ̀yìn dípò kó ṣàn sórí ojú náà. Bí o bá gé e jìnnà jù, kùkùté tó ṣẹ́ kù á kú, ikú náà á sì lè máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Bí o bá gé e sún mọ́ ọn jù, ojú náà á gbẹ. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ojú tó kọjú síta ni pé ibi tí ojú bá kọ sí ni ẹ̀ka tuntun á gbà. Bí gbogbo wọn bá kọ sínú, wọ́n á fún pọ̀ mọ́ra, ewé kò ní tètè gbẹ lẹ́yìn òjò, àrùn àmì dúdú á sì rí àyè, torí pé ó nílò ewé tó wà ní tútù fún bíi wákàtí 7 kó tó lè ràn. Igi tó bá kọjú síta ń gba afẹ́fẹ́ láyè láàárín ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ro ọ̀rọ̀ yẹn wò nígbà tí o bá ń pinnu ohun tí wàá fi sílẹ̀ àti ohun tí wàá tẹ̀ síwájú pẹ̀lú rẹ̀ níbi tuntun yẹn. Gígé nìkan kò tó. Ibi tí ohun tó kù kọjú sí ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Òdòdó tó ti rọ náà, má fi í sílẹ̀ lórí igi. Gé e wálẹ̀ dé ibi ewé àkọ́kọ́ tó pín sí márùn-ún. Irúgbìn ni igi ń wá tó fi ń tanná. Bí irúgbìn bá ti ń gbó lórí rẹ̀, agbára á yí síbẹ̀, ìtànná á sì dín kù.

Àwọn kékeré bíi marigold àti zinnia, èékánná tó láti já wọn lórí. Bí wọ́n bá ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, tí wọ́n ti ní ewé méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, já ṣóńṣó orí wọn. Ohun kan wà nínú ṣóńṣó yẹn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní auxin, tó ń ṣàn wálẹ̀, tí kì í jẹ́ kí àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ jí. Bí orí bá kúrò, wọ́n á jí, ọ̀pá kan á di mẹ́rin, mẹ́rin á tan òdòdó. Ìtànná àkọ́kọ́ á pẹ́ díẹ̀ sí i, kò burú. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àmọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún sunflower tó ń ní orí kan ṣoṣo! Bí o bá já orí rẹ̀, òdòdó tó ní nìyẹn, o ti já a sọnù. Ìmọ̀ràn tó gba ẹnì kan là lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́ pátápátá, ó sì yẹ ká mọ irú ohun tí a gbìn ká tó mú ọwọ́ dé orí rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí o kà pẹ̀lú sùúrù rèé. Ní ọdún 1920, Garner àti Allard, àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé gígùn ọ̀sán àti òru ló ń sọ fún ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn pé àkókò ìtànná ti tó. Poinsettia, òdòdó tí ewé orí rẹ̀ máa ń pọ́n, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí o bá fẹ́ kó pọ́n, ó gbọ́dọ̀ wà nínú òkùnkùn biribiri fún bíi wákàtí 14 lóru, lójoojúmọ́, fún bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 10. Fi páálí bò ó láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Bí ẹnì kan bá ń tan iná lé e lórí láàárín òru, tàbí tí iná òpópónà ń yọ sí i, kíkà òru rẹ̀ á dàrú, ewé tútù ni wàá máa rí. Chrysanthemum náà ń dúró de òru gígùn kó tó rudi. Ẹni tó fẹ́ràn òdòdó yẹn tó wá ń gbé fìtílà tì í lóru, ìfẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń dí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ nítorí pé mo fẹ́ tù ọ́ nínú. Òkùnkùn nìkan kì í mú òdòdó tan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, o gbọ́dọ̀ ṣí páálí yẹn kúrò, kí o gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ dáadáa, torí oúnjẹ tí ewé sè lọ́sàn-án ni yóò fi tanná. Èyí tí a gbàgbé sábẹ́ páálí á kú. O kọ̀wé pé ọdún yìí ṣú fún ọ. Má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o ṣáà fara dà á. Òru rẹ, sùn ún. Ojúmọ́ rẹ, jáde síta.

Bougainvillea kò ní gbà wá lákòókò. Ilẹ̀ tó gbẹ díẹ̀ láàárín omi kan sí èkejì ló ń mú un tan. Bí o bá ń bomi rin ín lójoojúmọ́, tí o tún ń fi ajílẹ̀ tí náítírójìn rẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ, ewé á bo gbogbo ògiri, òdòdó ò ní sí.

Má sì fi òdòdó kan wé èkejì ní ti àkókò. Òdòdó hibiscus ọ̀pọ̀ irú kì í ju ọjọ́ kan lọ, ó là láàárọ̀, ó ká nírọ̀lẹ́, òmíràn á sì là lọ́jọ́ kejì. Kò sí ohun tó ṣe é. Tannáposó ní tirẹ̀ á pa ojú dé ní ọ̀sán gangan, á là nírọ̀lẹ́, á sì máa ta sánsán nítorí àwọn àfòpiná ńlá tó ń fò lóru ló ń retí. Ẹni tó bá wò ó ní aago méjìlá ọ̀sán á ní kò dára.

Ní ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ, zinnia ni mo yàn fún ọ, torí kì í ṣagídí. Gbin hóró rẹ̀ tààrà síbi tí yóò dàgbà sí, kó má jìn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí ẹyọ kan lọ. Bí ilẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá ti ní ewé gidi, fà lára wọn tu kí àyè sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 wà láàárín wọn. Má káàánú wọn, èyí tó há mọ́ra ni àrùn funfun bí ìyẹ̀fun ń jẹ. Ìdí ni kí o máa bomi rin, kì í ṣe ewé, láàárọ̀. Bí o bá rí èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ níbi ilẹ̀ tó sì wó lulẹ̀, omi pọ̀ jù, wọ́n sì há jù: yọ ọ́ kúrò, dín omi kù.

Kí o tó ra irúgbìn rárá, yan ọjọ́ kan tí oòrùn ràn, kí o wo iwájú ilé yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí o kọ wákàtí tí oòrùn fi kàn án sílẹ̀. Zinnia fẹ́ tó mẹ́fà, ó kéré tán. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sí mi, màá wá èyí tó fẹ́ràn ibòji fún ọ. Sọ fún mi pẹ̀lú bóyá omi òjò máa ń dá ró níbẹ̀.

Kí àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́